Ọjà Òyìngbò Kò Mọ̀ Pé Ẹnìkan Kò Wá

Ìwọ òǹkàwé mi, bí o bá kúrò ní Òtò tí o sì fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ìwọ yóò dé ọjà Òyìngbò. Ọjà náà ti pẹ́, orúkọ rẹ̀ sì ti di òwe lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá, títí kan àwọn tí kò fi ojú kan Èkó rí: Ọjà Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Ohun tí òwe náà ń sọ yé tèwe tàgbà. Àwọn tí ń ná ọjà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá jókòó sílé, ata yóò tà, ẹja yóò tà, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Òwe yìí ni àwọn àgbà fi máa ń tẹ orí agbéraga ba, kí ó má baà rò pé bí òun kò bá sí, ayé kò ní yí.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á yí òwe yìí sí ẹ̀gbẹ́ kejì wò. Ohun tí ó dára fún ọjà lè má dára fún ìlú. Ìlú tí kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa di ẹrù lé orí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àwọn baba wa sì ti wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bá ọ yẹ̀ wò nìyí: ta ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń parí ọ̀ràn ìlú?

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn lè gbà ṣe àkóso ara wọn. Ọ̀nà kìíní ni pé kí àwọn tí ọ̀ràn kàn pé jọ fúnra wọn, kí wọ́n rò ó, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn parí rẹ̀. Èyí ni n ó máa pè ní ìjọba àpéjọ. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n yan àwọn díẹ̀ láàárín ara wọn, kí àwọn wọ̀nyí sì lọ jókòó ní ipò gbogbo wọn. Èyí ni ìjọba aṣojú, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù lọ ní ayé lónìí, òun sì ni Nàìjíríà ń lò. Èrò tèmi nìyí, n kò sì ní fi í pamọ́ fún ọ: níbikíbi tí àpéjọ bá ti lè ṣeé ṣe, ó sàn ju aṣojú lọ, níbi tí kò bá sì ti lè ṣeé ṣe, aṣojú kò ní láárí bí kò bá sí àpéjọ lẹ́yìn rẹ̀. Má ṣe gbà á kìkì nítorí pé àgbà ni ó wí i. Jẹ́ kí á bi ìtàn léèrè.

Kí ìjọba òyìnbó tó fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, àkóso kò fi bẹ́ẹ̀ sí ní ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Wo àwọn Ẹ̀gbá, tí púpọ̀ nínú wọn di aládùúgbò wa ní Èbúté Mẹ́ta láti ìgbà Ìfọ́lé ọdún 1867. Nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, wọn kò ní ọba kan fún gbogbo ìlú títí di 1854, nígbà tí Okùkẹ́nù jẹ Aláké. Àwọn Ògbóni, àwọn Ológun, àti àwọn Pàràkòyí tí í ṣe olórí àwọn oníṣòwò, ni wọ́n ń rò ọ̀ràn ìlú, ìletò kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. N kò ní tàn ọ́ jẹ pé gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹrú kò ní ohùn, ohùn ọ̀dọ́ kò rinlẹ̀, ìwọ̀nba obìnrin ni a sì ń pè sí ìmọ̀ràn. Síbẹ̀, ohun rere kan wà nínú ètò náà: ibi ìpàdé kò jìnnà sí ilé. Ẹni tí wọ́n parí ọ̀ràn lé lórí mọ ojú àwọn tí ó parí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò pàdé wọn lọ́nà odò tàbí lọ́nà oko, yóò sì lè bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin baba, kí ni ẹ rí tí ẹ fi ṣe èyí?”

Ìdìbò yan aṣojú sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dé Èkó pẹ̀lú òfin ìjọba ọdún 1922, èyí tí a ń fi orúkọ Gómìnà Hugh Clifford pè. Òfin náà gba Èkó láyè láti yan ènìyàn mẹ́ta, ó sì gba Kàlàbá láyè láti yan ẹnìkan, sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní 1923, Herbert Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, àwọn mẹ́ta tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ sì wọlé. Ìgbésẹ̀ rere ni èyí, n kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé, ta ni ó dìbò? Ọkùnrin nìkan ni, ọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún tó £100. Apẹja, alágbàṣe, gbẹ́nàgbẹ́nà àti lébìrà tí kò rí tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n wà. Gbogbo obìnrin, ìbáà ṣe tálákà, ìbáà ṣe ọlọ́rọ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n wà pẹ̀lú. Aṣojú Èkó ni a ń pe àwọn tí ó wọlé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́ kéré púpọ̀ nínú Èkó.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1940. Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì ń wá owó. Wọ́n ṣe òfin owó-orí kan tí ó sọ pé obìnrin Èkó tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ yóò máa san owó-orí. Fi ara balẹ̀ wo ìṣirò yìí. Láti dìbò, ọkùnrin gbọ́dọ̀ rí £100. Láti san owó-orí, obìnrin tí ó rí ju £50 lọ ti tó. Bí obìnrin náà bá sì rí £1,000, kò lè dìbò. Owó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí ó tún dun àwọn obìnrin náà ni pé ní 1932, nígbà tí wọ́n gbọ́ àhesọ irú owó-orí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rán àwọn kan lọ bá ọ̀gá ìjọba, ó sì fi dá wọn lójú pé kò sí irú èrò bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọn ì bá ṣe? Wọn kò ní aṣojú tí wọ́n lè ké sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjà. Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó wà, olórí wọn sì ni Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrẹ́kò, obìnrin tí kò mọ ìwé kà, tí kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀. Àwọn olórí a máa pàdé, wọn a sì padà lọ bá àwọn tí ó jókòó ti igbá. Ìwọ yóò wí pé aṣojú ni àwọn náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irú aṣojú wo ni? Aṣojú tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ẹni tí ó rán an ni, tí kò lè jẹ́ iṣẹ́ lódì ní àárọ̀ kí ó sì ríbi sá sí ní ọ̀sán. Òwe wa sọ pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ní ọjà, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ kò jìnnà, nítorí náà ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, àwọn obìnrin náà ti ọjà. Ìwọ tí ò ń gbé Èkó, rò ó wò: kò sí ẹja, kò sí ata, kò sí ẹ̀fọ́, igbá dojú dé ní gbogbo ọjà. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà tí ń ṣàkóso Èkó. Wọn kò fi ìwé lásán ránṣẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tún pé jọ sí gbọ̀ngàn Glover láti rò ó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba kéde pé obìnrin tí owó rẹ̀ kò bá ju £200 lọ kò ní san owó-orí náà mọ́. Láti £50 sí £200! Ìwọ̀nba díẹ̀ ni obìnrin tí ń rí tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Òótọ́ ni pé wọn kò rí gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ gbà, nítorí pé kí òfin náà kúrò pátápátá ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní ìbò kan ṣoṣo ni ó yí òfin padà, ohun tí wọ́n sì fi yí i padà ni pé wọ́n wá, wọ́n pé, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, irú ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀. Láti 1947, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀, kọ owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin láìjẹ́ pé obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó sí iwájú ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n sì jí síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ipò sílẹ̀, kí ó tó padà ní òpin 1950. A dá owó-orí obìnrin dúró, a sì fi obìnrin sínú ìgbìmọ̀ tuntun. Ṣàkíyèsí ohun kan: àpéjọ ni ó bí àwọn aṣojú wọ̀nyí. Bí àwọn obìnrin náà bá ti jókòó sílé ni, títí di òní ni wọn ì bá máa retí ẹni tí yóò ṣojú wọn.

Ọlọ́gbọ́n kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìjọba aṣojú ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń sọ, ó sì yẹ kí á dá wọn lóhùn.

Wọ́n ní àwọn ènìyàn pọ̀ jù láti jókòó síbì kan. Òtítọ́ ni, kò sí pápá tí ó lè gba gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni ó kan gbogbo Nàìjíríà. Gọ́tà tí ó dí ní àdúgbò rẹ, ilé-ìwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ibi tí a ó máa da ìdọ̀tí sí, iye tí a ó máa gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìsọ̀ lọ́jà, ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ràn Àbújá. Àwọn ará àdúgbò lè jókòó pa á rò. Ní ilẹ̀ Switzerland, ní àgbègbè Glarus àti Appenzell Innerrhoden, àwọn ará ìlú ṣì máa ń pé jọ sí gbangba lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọn a sì na ọwọ́ sókè láti fi ṣe òfin. Àwa pàápàá sì ti fi ọ̀ràn ńlá lọ ará ìlú rí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1963, a bi àwọn olùdìbò tí ọ̀ràn kàn léèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí a yọ agbègbè Àárín-Ìwọ̀-oòrùn kúrò lára Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe.

Wọ́n tún ní ará ìlú kò ní ìmọ̀. N ó rán wọn létí ọ̀ràn gàrí. Nígbà ogun kan náà, láti 1941, ìjọba fi ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Captain A. P. Pullen sí ìdí iye owó oúnjẹ ní Èkó. Lórí tábìlì ni a ti ń kọ iye tí a ó máa ta gàrí. Àwọn obìnrin ọlọ́jà sọ pé iye náà kò lè kó owó tí àwọn fi rà á àti owó ọkọ̀ jọ. Oúnjẹ sá pamọ́, ọjà kọ̀rọ̀ sì gbilẹ̀. Ní 1945, a mú ìdè náà kúrò. Ta ni aláìmọ̀ níbẹ̀? Ẹni tí ó mọ ìwé ni, àbí ẹni tí ó mọ gàrí?

Èmi fúnra mi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ ọmọdé. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti jẹ́ ọ̀gá, èmi àti àwọn olórí ọmọ ilé-ìwé ni a ń pín iṣẹ́ omi pípọn. Ojoojúmọ́ ni ẹjọ́, ojoojúmọ́ ni ìjìyà, ìkòkò omi kò sì kún. Ní ọjọ́ kan, ó sú mi, mo kó gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi, mo ní kí wọ́n pín iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ọmọ kékeré kan dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, korobá náà ga ju wa lọ, bí a bá gbé e dé ọ̀nà, ìdajì omi ti dà sí wa lára.” Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ wọ́n níyà fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Àwọn olórí kò sọ fún mi, nítorí pé korobá náà kò ga ju àwọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé aṣojú lè jẹ́ ọmọ rere, kí ó má sì mọ ibi tí ẹrù gbé ń wúwo lọ́rùn ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó le jù. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ìbínú ṣe ìpinnu, àpéjọ a sì máa ti àwọn kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òtítọ́ ni èyí náà. Ní Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, níbi tí ará ìlú ti ń pé jọ ṣe òfin, wọ́n dá àwọn ọ̀gá ogun lẹ́bi ikú ní 406 kí a tó bí Olúwa wa, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá náà ti bá wọn ṣẹ́gun lójú omi; wọ́n pa mẹ́fà nínú wọn, ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá ń ké àbámọ̀. Ẹrú àti obìnrin kò sì ní ààyè níbẹ̀. Ní Appenzell Innerrhoden tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọkùnrin kò gba obìnrin sí àpéjọ wọn títí ilé-ẹjọ́ gíga ilẹ̀ náà fi pa á láṣẹ ní 1990.

Síbẹ̀, gbọ́ ìtàn kejì láti Áténì kan náà. Ní 427 kí a tó bí Olúwa wa, ìlú Mytilene ṣọ̀tẹ̀ sí wọn. Ní ìbínú, àpéjọ pàṣẹ pé kí a pa gbogbo ọkùnrin ìlú náà, wọ́n sì rán ọkọ̀ ojú omi lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oorun ti dá ojú wọn. Wọ́n tún pé jọ, wọ́n rò ó, wọ́n yí ìpinnu padà, wọ́n sì rán ọkọ̀ kejì kí ó lé èkíní bá. Àwọn atukọ̀ kò sinmi, wọ́n ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ náà sì dé lákòókò tí a fi dá ìlú náà sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a pa àwọn aṣáájú ọ̀tẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àṣìṣe lè fi ẹnu ara rẹ̀ tún un ṣe ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí aṣojú bá ṣe àṣìṣe ní orúkọ rẹ, ọdún mẹ́rin ni ìwọ yóò fi máa dúró. Òfin ìjọba wa ti 1999 gbà pé a lè pe aṣòfin padà sílé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní àgbègbè rẹ̀ tí yóò fọwọ́ sí i. Ta ni yóò kó wọn jọ, níbi tí àwọn ènìyàn kò bá ti mọ bí a ti ń pé jọ? Ní ti àwọn tí a tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí á ṣí ilẹ̀kùn ni òògùn rẹ̀. Kì í ṣe kí á wó ilé.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí á padà sí Òyìngbò. Nígbà ìdìbò yan Ààrẹ ní 2023, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìdìbò ní Ìpínlẹ̀ Èkó ju mílíọ̀nù méje lọ. Àwọn tí ó jáde kò tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, èyí tí kò tó 20 nínú 100. Ní gbogbo Nàìjíríà, nǹkan bí 27 nínú 100 ni. Mo mọ̀ pé ìdí wà fún èyí. Àwọn kan bẹ̀rù jàgídíjàgan. Ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé bí àwọn lọ, bí àwọn kò lọ, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n wò ó, ìjókòó kò ṣófo nílé aṣòfin. A ka ìbò, a búra fún àwọn tí ó wọlé, wọ́n sì ń ṣe òfin fún ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. Ọjà kún, kò sì mọ̀ pé ẹnìkan kò wá.

Nítorí náà, ìwọ òǹkàwé mi, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó súnmọ́ ọ. Bí kíláàsì rẹ bá ń ṣe ìpàdé, lọ, kí o sì sọ ohun tí o mọ̀. Bí àdúgbò bá pe ìpàdé, bá àwọn òbí rẹ lọ, kí o jókòó sẹ́yìn, kí o sì kọ́ bí àwọn àgbà ti ń rò ọ̀ràn. Bí o bá dàgbà tí ó sì di dandan kí o yan aṣojú, yàn án, ṣùgbọ́n má ṣe fún un ní ohùn rẹ kí o wá lọ sùn. Pè é padà wá sí àdúgbò, kí ó wá jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Ìyá tí kò mọ ìwé ní Ẹrẹ́kò ṣe é, láìní ìbò; kí ni àwáwí ìwọ tí o mọ ìwé, tí o sì ní ìbò?

Ọjà Òyìngbò lè má mọ̀ pé o kò wá. Ìwọ ni kí o mọ̀ ọ́n, nítorí pé orí rẹ ni abẹ wà.